Kẹ̀kẹ́ orí òkè dé Ajah tí kò lókè: Yanrìn ni wọ́n ń bá jà, ọ̀nà etí ọ̀sà sì ń tán lọ

Ẹni tó bá jí kùtù láàárọ̀ Sátidé, tó dúró sétí títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kí àwọn dánfó tó bẹ̀rẹ̀ ariwo wọn, yóò rí nǹkan. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni àwọn kan á ti yọ, akoto lórí, ṣòkòtò pénpé tó lẹ̀ mọ́ itan nídìí, wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á máa wa kẹ̀kẹ́ lọ fìì bí ẹni pé ẹnì kan ń lé wọn bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ti pọ̀ l'Ékòó báyìí, Cycology jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ á máa wò wọ́n, wọ́n á ní àbí kí lẹni tó ní mọ́tò nílé ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe?

Ṣùgbọ́n ti àwọn tó ń sáré lórí ọ̀dà kọ́ lọ̀rọ̀ yìí o. Ti àwọn tó ń yà kúrò lórí ọ̀dà ni. Irú kẹ̀kẹ́ kan wà tí táyà rẹ̀ sanra, tí eyín táyà ọ̀hún yọ gọnńgọ bíi ti katakátá, tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀, tí sípíríìnì sì wà níwájú rẹ̀ kó lè máa gba ìgbá kòtò. Kẹ̀kẹ́ orí òkè ni òyìnbó pè é. Ó ti wọ Èkó tipẹ́, tuntun àti tòkunbọ̀, ó sì ti dé Ajah.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti di ẹ̀rín ni pé kò sí òkè kankan l'Ajah. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ẹni tó bá fẹ́ òkè, kó gba Ìdànrè lọ, tàbí kó kọrí sí Adó-Àwáyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí adágún Ìyàkẹ́ ti jókòó sórí òkè bí ọba. L'Ajah ní tiwọn, yanrìn ni òkè, irà ni àfonífojì, omi ọ̀sà ló sì ń bá èèyàn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹni tó bá sì rò pé ìyẹn rọrùn ju òkè lọ, kó gbìyànjú ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan.

Èéfín ló sọ ìdíje lórúkọ

Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin County, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú San Francisco l'Amẹ́ríkà, ló dá àṣà kẹ̀kẹ́ orí òkè sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1970 sókè. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á wá àlòkù kẹ̀kẹ́ Schwinn, èyí tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wọn, tó wúwo bí irin ojú irin, wọ́n á gbé e gun àwọn òkè tó wà lágbègbè Tamalpais, wọ́n á wá jókòó lé e, ó di gbàràmù títí dé ìsàlẹ̀.

Lọ́jọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1976, wọ́n sọ ọ́ di ìdíje. Repack lorúkọ tí wọ́n fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n ti ń díje ọ̀hún, orúkọ náà sì nídìí. Bíréèkì kẹ̀kẹ́ ìgbà yẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n ń tẹ pẹ́dà sí kó tó mú. Kí ọmọkùnrin náà tó dé ìsàlẹ̀ òkè, ooru á ti sọ gírísì inú táyà ẹ̀yìn di èéfín, àfi kó tú u palẹ̀, kó kó gírísì tuntun sí i, kó tó lè tún gùn ún. Títún gírísì kó sí i yìí gan-an ni orúkọ náà ń sọ. Alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ èyíkéyìí tó bá gbọ́ ìtàn yìí, ẹ̀rín ni yóò fi rín, nítorí ó mọ iṣẹ́ tí ibẹ̀ yẹn máa ń fún èèyàn ṣe.

Nígbà tó di 1977, ọ̀kan nínú wọn, Joe Breeze, jókòó, ó fi irin tuntun ṣe férémù tó jẹ́ pé nítorí òkè nìkan ló ṣe é. Lọ́dún 1981, iléeṣẹ́ Specialized gbé Stumpjumper jáde, ó sì di ọjà tí wọ́n ń rà káàkiri ayé. Kò ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lẹ́yìn ìyẹn tó fi wọ Òlíḿpíìkì. Òlíḿpíìkì wo? Èyí tí ọmọ Nàìjíríà kankan kò lè gbàgbé ni, Atlanta 1996, níbi tí Chioma Ajunwa ti fo gba góòlù, tí àwọn Dream Team náà sì gba góòlù bọ́ọ̀lù. Ìlú yẹn kan náà, ọdún yẹn kan náà, ni Bart Brentjens ọmọ Netherlands àti Paola Pezzo ọmọ Ítálì ti kọ́kọ́ gba góòlù kẹ̀kẹ́ orí òkè. Ṣùgbọ́n ta ló rí ti kẹ̀kẹ́ rò nígbà tí Dream Team ń lu Brazil àti Argentina?

Àjàlá ti gùn ún kí wọ́n tó dé

Kò yẹ kí Yorùbá kankan máa wo kẹ̀kẹ́ bíi nǹkan àjèjì. Láyé ijọ́un, kẹ̀kẹ́ ológeere ni mọ́tò àwọn wolé-wolé, àwọn tíṣà, àwọn tó ń ra kòkó àti àwọn adẹ́mu. Ọkùnrin tó bá ní Raleigh nígbà náà, àna rẹ̀ kì í fi ojú kékeré wò ó. Ìjọba ìbílẹ̀ máa ń gba owó láìsẹ́ńsì lórí ẹ̀ pàápàá.

Ẹni tó wá fi kẹ̀kẹ́ sọ ara ẹ̀ di ìtàn ni Ọlábísí Àjàlá, ẹni tí Ebenezer Obey fi orin polongo títí tó fi jẹ́ pé ẹni tí kì í gbélé lóde òní, Àjàlá ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ̀ pé ó fi alùpùpù yí ayé ká, tó sì kọ ìwé nípa ẹ̀ lọ́dún 1963. Èyí tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1952, nígbà tó ń kàwé l'Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago, ó di Los Angeles, ìrìn tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì máìlì. Aṣọ ìbílẹ̀ Yorùbá ló sì wọ̀ rìn ín, nítorí ó fẹ́ kí àwọn òyìnbó mọ̀ pé ìhòòhò kọ́ ni èèyàn dúdú ń rìn nílé. Ẹni tó bá mọ bí ṣéènì kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń fa etí aṣọ wọlé, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá lọkùnrin náà ṣe. Èkó ló kú sí lọ́dún 1999.

Bó ṣe wá di pé kẹ̀kẹ́ jọ nǹkan ìtìjú kò ṣẹ̀yìn mọ́tò àti ọ̀kadà. Kódà orúkọ gan-an ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Lóde òní, bí èèyàn bá ní òun fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ l'Ajah, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n máa dá dúró fún un, kẹ̀kẹ́ Márúwá, èyí tí wọ́n fi orúkọ Buba Marwa pè, ológun tó ṣe gómìnà Èkó láti 1996 sí 1999.

Etí-Ọ̀sà tí wọn kò rí ọ̀sà

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ padà sórí ilẹ̀. Ajah wà láàárín omi méjì. Ọ̀sà Èkó wà lápá àríwá, òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tó ni ibẹ̀ gan-an ni Etí-Ọ̀sà, ìtumọ̀ ẹ̀ kò sì ṣòro. Àwọn apẹja àti àwọn tó ń fọkọ̀ ojú omi nájà ló ni ibẹ̀ kí títì tó dé. Ìgbà ìjọba Jákáńdè, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sókè, ni títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ wá ṣí ojú ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun Raji Rasaki sì wó Màrókò lọ́jọ́ kẹrìnlá, oṣù keje, ọdún 1990, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ilé bọ́ mọ́ lórí ló kó wá sápá ibẹ̀ yẹn. Láti ìgbà náà, ilé ò yéé hù.

Bí èèyàn bá yà kúrò ní títì l'Ajah, tó gba ọ̀nà Addo, tó kọjá sápá Lángbàsà, tó tẹ̀síwájú dé Badore, ẹnu omi ló máa já sí. Ibùdókọ̀ ojú omi wà ní Badore, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọdá sí Ìjẹ̀dẹ́ lápá Ìkòròdú. Ojú ọ̀nà gidi ni mọ́tò ń gbà. Ṣùgbọ́n àárín títì yẹn sí etí ọ̀sà ni ohun tí oníkẹ̀kẹ́ orí òkè ń wá wà: ọ̀nà ẹsẹ̀ àwọn apẹja, ilẹ̀ irà tí koríko ti bò, àti yanrìn funfun tí wọ́n fi ẹ̀rọ fà jáde látinú omi, tí wọ́n dà síbẹ̀ de ìgbà tí wọ́n máa kọ́lé sí i. Ìjọba kò la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kankan síbẹ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn ló là á. Èyí tí ẹsẹ̀ là, ògiri lè dí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bó sì ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Yanrìn kì í gba agbára

Kí ọ̀rọ̀ ògiri tó dé, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gun yanrìn ná, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ alágbára ti ń tẹ́. Ẹni tó bá fi ìbínú kọlu yanrìn gbígbẹ, táyà iwájú á rì, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á yí bìrí, olúwa ẹ̀ á sì balẹ̀ pẹ̀lú àyà.

Ohun àkọ́kọ́ ni afẹ́fẹ́ inú táyà. Táyà tó le koránkorán dára lórí ọ̀dà, ṣùgbọ́n lórí yanrìn, bí ọ̀bẹ ló ṣe máa gé e wọlé. Wọ́n á jo afẹ́fẹ́ náà díẹ̀ kí táyà lè tẹ́, kó lè gbara lé ilẹ̀ tó pọ̀, bí ẹsẹ̀ ràkúnmí ṣe máa ń ṣe. Ọgbọ́n yìí ni àwọn òyìnbó tẹ̀ lé tí wọ́n fi ṣe kẹ̀kẹ́ táyà àgbàrá, èyí tí táyà ẹ̀ sanra tó ti alùpùpù, fún orí yìnyín Alaska àti yanrìn aṣálẹ̀. Bí wọ́n bá ti padà sórí títì, kí wọ́n tètè wá fọganáísà kó fẹ́ ẹ padà.

Èkejì ni jíà. Kí kẹ̀kẹ́ tó wọ yanrìn ni kí wọ́n ti bọ́ sí jíà tó fúyẹ́, nítorí bí wọ́n bá dé àárín ẹ̀ tán kí wọ́n tó máa wá a, ṣéènì lè já tàbí kó bọ́. Kí wọ́n jókòó sẹ́yìn díẹ̀ kí iwájú lè fúyẹ́, kí wọ́n máa wà á lọ jẹ́jẹ́ láìdúró, kí wọ́n má sì yí ọwọ́ lójijì. Bíréèkì iwájú ńkọ́? Kí wọ́n gbàgbé ẹ̀ ná. Ẹ̀bá omi gan-an, níbi tí yanrìn ti tutù, ló máa ń le jù, ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti ń rìn dáadáa. Àmọ́ kí wọ́n ṣọ́ra fún yanrìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà látinú ọ̀sà. Ojú ẹ̀ lè gbẹ kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì jẹ́ ẹrẹ̀ tó ń gbé èèyàn mì. Ibi tí èèyàn kò bá tíì rí ẹlòmíì tó fẹsẹ̀ rìn, kó má fi kẹ̀kẹ́ dán an wò.

Ẹ̀kẹta ni iyọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń wọ inú ọ̀sà, omi ibẹ̀ á sì níyọ̀. Bí òjò bá wá dé, iyọ̀ ọ̀hún á lọọlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó bá mu omi yẹn tí wọn kò fọ̀, kò ní í pẹ́ tí ìpẹtà á fi bo ṣéènì ẹ̀. Omi tó mọ́ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n tó kan òróró sí ṣéènì.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni ti òjò. Bí oṣù kẹfà bá dé, ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ajah ló máa ń di odò. Omi á bo títì, á bo gọ́tà, gbogbo ẹ̀ á tẹ́ bákan náà. Oníkẹ̀kẹ́ tó bá ní òun fẹ́ fi ibẹ̀ ṣeré kò mọ ibi tí gọ́tà wà, ìgbà tó bá sì máa mọ̀, ó ti wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀mí ẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀, kó ti kẹ̀kẹ́, tàbí kó jókòó sílé. Kì í sì í ṣe eré àdánìkanṣe: kí wọ́n lọ ní méjì tàbí mẹ́ta, kí akoto wà lórí, kí wọ́n sì sọ fún ará ilé ibi tí wọ́n gbà.

Kì í ṣe eré olówó nìkan

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó rówó ra kẹ̀kẹ́ olówó ńlá nìkan nìyí, kó rántí ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà, ọdún 2022. Ọjọ́ yẹn ni òfin tó lé ọ̀kadà kúrò nílẹ̀ ní Etí-Ọ̀sà àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún mìíràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n lu ọ̀dọ́kùnrin kan pa ní Lẹ́kí níbi tí òun àti ọlọ́kadà ti ní gbólóhùn asọ̀. Inú àwọn kan dùn sí òfin náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé ẹ̀ wà nínú lọ́hùn-ún, níbi tí dánfó kò dé, tí Márúwá sì ń rì nínú yanrìn, kí ni kó ṣe? Máṣọ́nà tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kùtù, káfíńtà tó ń gbé ayùn, ọmọ tó ń lọ síléèwé, kẹ̀kẹ́ ológeere lè gbé gbogbo wọn, kò mu epo, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Kẹ̀kẹ́ táyà sísanra yẹn gan-an ló sì bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mu.

Àmọ́ ibo ni wọ́n máa gbé e gbà? Lórí títì ńlá, mọ́tò kò mọ oníkẹ̀kẹ́ lọ́mọ èèyàn. Àjọ ìlera àgbáyé sọ nínú ìròyìn tó gbé jáde lọ́dún 2023 pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1.19 èèyàn ni ọkọ̀ ń pa lọ́dún kan káàkiri ayé, àti pé àwọn ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà ló lé ní ìdajì nínú wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀nà etí omi tí kò sí mọ́tò fi kọjá ọ̀rọ̀ eré lásán. Ibẹ̀ ni ọmọdé ti lè kọ́ kẹ̀kẹ́ láìjẹ́ pé àyà ìyá ẹ̀ ń já.

Ta ló ni etí omi?

Ibi tí wàhálà wà rèé. Lápá ọ̀sà, yanrìn ń wọ omi, ilé ń wọ orí yanrìn, géètì ń wọ ẹnu ọ̀nà. Apẹja tó ti ń gba ibẹ̀ látìgbà ìwáṣẹ̀ á kàn dé lọ́jọ́ kan, á bá ògiri. Ìjọba pàápàá kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó ni ín. Òfin kan tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún 1993 ní ilẹ̀ tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ọ̀sà tàbí òkun, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ìjọba Èkó ní rárá, ti òun ni. Bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ni ọ̀nà ẹsẹ̀ yìí.

Lápá òkun, títì etíkun tó ń lọ láti Èkó dé Calabar, tí gígùn ẹ̀ jẹ́ 700 kìlómítà, ti gba ibẹ̀ kọjá. Ọdún 2024 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìgbafẹ́ ni wọ́n sì wó. Awuyewuye ńlá ṣẹlẹ̀ ní Òkun-Ajah lórí ibi tí ọ̀nà náà máa gbà. Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2025, Ààrẹ Tinúbú ṣí 30 kìlómítà àkọ́kọ́. Títì ńlá ni, ó sì dára fún mọ́tò. Ṣùgbọ́n títì olójú mẹ́fà kò jọ ọ̀nà tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi kẹ̀kẹ́ gbà dé etí òkun.

Kò sì nira láti ṣe ohun tó dáa. Wọ́n ti ṣe é rí lórí ilẹ̀ kan náà. Ní kìlómítà díẹ̀ sí Ajah, ọgbà ẹranko Lẹ́kí tí àjọ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ lọ́dún 1990 ṣì wà níbẹ̀, hẹ́kítà 78, pẹ̀lú afárá orí igi tó gùn tó mítà 401 tí àwọn èèyàn ń wá wò láti òkèèrè. Lẹ́yìn Ajah, lápá Majek, ọgbà LUFASI tí Desmond Majekodunmi dá sílẹ̀ náà wà. Ká ní wọn kò tètè dá ilẹ̀ yẹn sí ni, ilé ni ì bá wà níbẹ̀ lónìí. Afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2013 náà jẹ́rìí sí i: wọ́n fi ibi ìrìn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àwọn tó ń sáré ìdárayá kò sì fi í sílẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹni tó bá sì ń béèrè pé ta ni kó ṣe é, ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ti dáhùn. Nínú àfikún kẹrin ìwé náà, níbi tí wọ́n ti ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ló máa ń fún kẹ̀kẹ́ ní láìsẹ́ńsì, wọ́n sì dárúkọ ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke mọ́ ọn. Ẹ wò ó dáadáa: kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi, ojú kan náà ni òfin kọ wọ́n sí, ọwọ́ àwọn kan náà ló sì fi wọ́n lé. Ìjọba tó bá lè gba owó láìsẹ́ńsì lórí kẹ̀kẹ́ lè la ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ máa gbà. Kò gba ọ̀dà, kò gba afárá. Ilẹ̀ tóóró tó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta ni, láti Lángbàsà dé Badore, tí wọ́n á fi òpó sàmì sí, tí wọ́n á sì kọ ọ́ sórí máàpù kí ẹnikẹ́ni má baà ta á. Apẹja á gbà á lọ sídìí ọkọ̀ ẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ á gbà á ṣeré, máṣọ́nà á gbà á lọ síbi iṣẹ́.

Bí wọ́n bá dúró dìgbà tí ògiri tó kẹ́yìn máa dúró, wíwó ló kù, owó wíwó sì pọ̀ ju owó òpó lọ. Àwọn ará Etí-Ọ̀sà mọ ohun tí wíwó jẹ́, láti ọjọ́ Màrókò ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ní báyìí ná, yanrìn ṣì wà nílẹ̀ níbì kan lápá Badore, omi ṣì ń lù ú, ojú ẹsẹ̀ apẹja àti ojú táyà kẹ̀kẹ́ sì wà lórí ẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́, kó jo táyà ẹ̀ díẹ̀, kó tètè lọ rí i.